Dókítà tí mo kọ síwájú orúkọ ẹ̀gbọ́n mi

Èmi ni mo kọ “Dókítà” síwájú orúkọ ẹ̀gbọ́n mi. Ẹnikẹ́ni ò rán mi. Àwọn fúnra wọn ti kọ àdírẹ́sì wọn fún mi, ohun tó kù kò ju kí n tẹ̀ ẹ́ bó ṣe wà lọ, ṣùgbọ́n ọwọ́ mi kọ̀ jálẹ̀. Orúkọ àgbà ló wà níbẹ̀ gbalasa, láìsí ọ̀gbẹ́ni, láìsí alàgbà, mo sì ní kí n da aṣọ díẹ̀ bò ó. Bí mo ṣe fi ọjọ́ méjì ṣòfò nìyẹn nínú ọjọ́ mẹ́rin tí ọsibítù fún ẹsẹ̀ bàbá mi.

Dókítà ti ìwé ni ẹ̀gbọ́n mi o, kì í ṣe ti abẹ́rẹ́. Ìlú Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti gba oyè náà, kò sì tíì ju oṣù kan lọ tí wọ́n gbà á. Àwọn ni àkọ́bí, dáwódù ilé wa. Èmi ni mo tẹ̀ lé wọn. Ìwé mẹ́fà ni mo kà, mo fi ọdún méjì kún un láti kọ́ títẹ̀wé, mo sì rí iṣẹ́ sí ilé-iṣẹ́ kan tó ń ra kòkó lọ́nà Òkè-Ogbó. Àwọn ọdún tí mò ń wí yìí, ìparí àwọn ọdún 1980 ni, nígbà tí ẹni tó ní tẹlifóònù nílé ní Ìlódè, àdúgbò wa ní Ifẹ̀, kò pọ̀ tó láti kún bẹ́ǹṣì kan.

Iṣẹ́ mi ni kí n jókòó ti ẹ̀rọ tẹ́lẹ́ẹ̀sì. Ẹ rò ó bí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tí wọ́n so mọ́ wáyà. Ohun tí mo bá tẹ̀ ní Ifẹ̀, ẹ̀rọ bíi tirẹ̀ á máa tẹ̀ ẹ́ jáde ní Èkó tàbí ní Lọ́ńdọ̀nù, gbogbo rẹ̀ ní lẹ́tà ńlá, tatata, bí ìgbà tí òjò ń rọ̀ sórí páànù. Inú yàrá kékeré kan ni wọ́n gbé e sí, èmi nìkan ni mo sì ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Nítorí kọ́kọ́rọ́ yẹn, gbogbo Ìlódè gbà pé mo mọ nǹkan. Èmi náà gbà díẹ̀.

Bíríkìlà ni bàbá mi. Ìṣó kan gún wọn lẹ́sẹ̀ níbi iṣẹ́, wọ́n fi epo pa á, wọ́n bá iṣẹ́ lọ. Wọn ò mọ̀ pé àwọn ní àtọ̀gbẹ. Egbò náà kò jiná, ó jẹ lọ sókè, àtàǹpàkò dúdú, ìka tó tẹ̀ lé e dúdú. Ní àárọ̀ ọjọ́ Àtìní, ìyẹn Ajé, tí a gbé wọn dé ọsibítù, dókítà kan tí ojú rẹ̀ kò gbó rárá wò ó, ó bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀, ó ní, “Bàbá, a máa gé e lábẹ́ orúnkún.”

Bàbá ní, “Gé kí ni?”

“Ẹsẹ̀ yìí, sà. Bí ó bá kọjá ọjọ́ Jímọ̀, kì í ṣe ẹsẹ̀ nìkan la ó máa sọ̀rọ̀ rẹ̀ mọ́.”

Bàbá yíjú sí ògiri. Wọ́n wo ògiri náà pẹ́ títí, bí ẹni tó ń wá ibi tí bíríkìlà tó mọ ọ́n ti ṣe àṣìṣe. Wọ́n wá ní, “Mo ní dáwódù. Bí dáwódù mi bá ní kí wọ́n gé e, wọn á gé e. Tí kò bá tíì wí, kí ẹnikẹ́ni má fi irin kàn mí. Àbí ẹsẹ̀ kan ni mo fẹ́ fi gòkè lọ bá Ọlọ́run Ọba?”

Dókítà náà wá kọjú sí mi. “Ẹ̀yin ńkọ́, sà? Kí lẹ rí sí i?”

Ẹ wò ó, mo ti rí ohun tí mo rí sí i. Láti ìgbà tí wọ́n ti tú bándéèjì náà ni mo ti mọ̀ pé ẹsẹ̀ yẹn ti lọ. Ṣùgbọ́n bí mo bá ní kí wọ́n gé e, tí Bàbá sì kú sórí tábìlì, gbogbo agboolé ni yóò máa nàka sí mi títí tí n ó fi kú: òun ló ní kí wọ́n gé bàbá ẹ̀. Bí mo bá sì ní kí wọ́n má gé e, ọ̀rọ̀ kan náà ni. Mo gbójú sókè, mo wo àjà, mo sì rí i pé wọ́n ti kùn ún láìpẹ́. Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n mi ló ni ọ̀rọ̀ yìí.”

Ìyá mi, tó ń fi etí gèlè lé eṣinṣin níbi ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, wò mí, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ sí í lé eṣinṣin.

Ibo la ti fẹ́ rí ẹ̀gbọ́n mi? Lẹ́tà á gbà tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Wọ́n ti kó kúrò ní ilé tí wọ́n ń gbé, wọn ò tíì rí òmíràn, nítorí náà wáyà, ìyẹn tẹligíráàmù, kò mọ ilẹ̀kùn tí yóò kàn. Ṣùgbọ́n nínú ìwé tí wọ́n kọ kẹ́yìn, wọ́n ní bí ọ̀rọ̀ kánjúkánjú bá wà, kí n má wá àwọn sílé. Wọ́n ní àwọn ní àpótí kan nínú kọ̀ǹpútà ilé-ẹ̀kọ́ àwọn, pé lẹ́tà máa ń bọ́ sínú rẹ̀ láìní àpò ìwé, láìní sítáǹpù. Wọ́n ní ilé-iṣẹ́ kan wà lókè òkun tó máa ń gba tẹ́lẹ́ẹ̀sì, tí yóò sì bá ni sọ ọ́ di lẹ́tà kọ̀ǹpútà. Wọ́n kọ nọ́ńbà ilé-iṣẹ́ náà. Wọ́n wá kọ àdírẹ́sì àpótí náà sísàlẹ̀, wọ́n sì ní kí n fi ṣe ìlà àkọ́kọ́.

Mo ti ka ìwé yẹn fún gbogbo ilé, mo ti mi orí síbi tó yẹ. N kò tíì wo àdírẹ́sì náà dáadáa rí.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, nígbà tí ọ̀gá mi jáde lọ jẹun, mo ti ara mi mọ́ yàrá ẹ̀rọ, mo tẹ́ ìwé náà sílẹ̀. Orúkọ ẹ̀gbọ́n mi ló wà níwájú, wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ orúkọ bàbá wa láìfi àyè sílẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni àmì kan tí n kò rí irú rẹ̀ rí, bí ìgbín tó ká sínú ìkarahun. Lẹ́yìn ìgbín ni àwọn ọ̀rọ̀ gígékúrú mẹ́ta mẹ́rin tí wọ́n fi ẹ̀kán, ìyẹn àmì ìdánudúró, pààlà wọn.

Mo wá ìgbín lórí ẹ̀rọ mi. Kò sí. Mo wò ó ní òkè, mo wò ó ní ìsàlẹ̀, mo tẹ àwọn bọ́tìnnì tí n kì í tẹ̀, agogo ẹ̀rọ dún gbàn-ìn, mo yáa fọwọ́ kúrò. Mo ní ẹ̀kán kan ò burú, mo fi ẹ̀kán dípò ìgbín.

Lẹ́yìn náà ni mo padà síbi orúkọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi rò ó. Láti ọjọ́ tí mo ti dé ayé, n kò fi ẹnu mi pe orúkọ ọkùnrin yìí rí. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo pè é ní kékeré, lẹ́bàá kànga, Bàbá tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì yìí náà ló sì fi okùn tí wọ́n fi ń wọn ògiri kọ́ mi lẹ́kọ̀ọ́. Kí n wá tẹ̀ ẹ́ ránṣẹ́ sí òkè òkun ní gbẹrẹfu, ní lẹ́tà ńlá? Àwọn òyìnbó tó bá kà á níbẹ̀ ńkọ́? Wọn á ní irú àbúrò wo lèyí. Mo kọ “Dókítà” síwájú rẹ̀, mo lẹ̀ ẹ́ pọ̀ bí wọ́n ṣe lẹ ìyókù, ara wá tù mí. Mo ránṣẹ́. Ẹ̀rọ tó wà lọ́hùn-ún dá mi lóhùn, ó tẹ orúkọ ara rẹ̀ jáde, orúkọ lásán, kò fi nǹkan kan sí i. Ó yẹ kí n ti ibẹ̀ kọ́gbọ́n.

Gbogbo ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni mo fi jókòó tì í. Ó ń kígbe lóòrèkóòrè, mo sì ń fò dìde nígbà gbogbo, kòkó ni. Èkó fẹ́ mọ̀ bóyá kòkó ti gbẹ. Èkó tún fẹ́ mọ̀ bóyá òjò ń rọ̀. Ní Ọjọ́rú náà, kòkó, kòkó, kòkó. Láago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú ni ìlà kan jáde láti ilé-iṣẹ́ òkè òkun yẹn: kò sí ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ yẹ àdírẹ́sì yín wò.

Mo gba ọsibítù lọ. Ìka kẹta ti dúdú. Bàbá bi mí pé, “Ó ti wí?” Mo ní, “Ìwé ṣì wà lọ́nà, sà.” Irọ́ kọ́ pátápátá, ó wà lọ́nà lóòótọ́, ọ̀nà àbọ̀ ni.

Ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, mo wọ takisí lọ sí ọgbà yunifásítì. Obìnrin kan wà níbẹ̀ nínú yàrá kọ̀ǹpútà, ọmọ àdúgbò wa ni, ó ti lọ kọ́ṣẹ́ náà lókè òkun fún ọdún kan. Yàrá náà tutù tó bẹ́ẹ̀ tí òun fi wọ súwẹ́tà ní Ifẹ̀. Mo gbé ìwé ẹ̀gbọ́n mi fún un, mo gbé èyí tí mo fi ránṣẹ́ lé e. Ó wò ó, ó tún wò ó.

“Bọ̀ọ̀dá, ta lẹ kọ èyí sí?”

“Ẹ̀gbọ́n mi ni.”

“Mo mọ̀. Orúkọ wọn dà?”

“Ó wà níbẹ̀ yẹn.”

“Kò sí níbẹ̀ o. Ẹ ti lẹ Dókítà mọ́ ọn lára. Lójú kọ̀ǹpútà, ẹlòmíràn pátápátá nìyẹn.”

“Dókítà ni wọ́n lóòótọ́. Oṣù tó kọjá ni wọ́n gba oyè náà.”

“Ẹ kú oríire. Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà kò sí níbi ìwúyè.” Ló bá bú sẹ́rìn-ín, ó di tábìlì mú. “Ọ̀gá Tẹ́lẹ́ẹ̀sì! Ṣé ẹ dọ̀bálẹ̀ kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́ ni?”

Mo ní, “Wọ́n ti nà mí nítorí orúkọ yẹn rí.”

Nígbà tí mo sọ ohun tó wà nílẹ̀ fún un, ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀. Ó fa pẹ́ńsùlù yọ, ó ní kí n súnmọ́ ọn. Ó ní Dókítà nìkan kọ́ ni mo fi ṣi í. Ó ní ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi, láti ìta ni wọ́n ti ń wọlé nígbà tí wọ́n bá ń kọ àdírẹ́sì: orílẹ̀-èdè kọ́kọ́, lẹ́yìn náà ilé-ẹ̀kọ́, lẹ́yìn náà yàrá. Ilé-iṣẹ́ tí mò ń gbà kọjá, láti inú yàrá ni tiwọn ti ń jáde: yàrá kọ́kọ́, ilé-ẹ̀kọ́, orílẹ̀-èdè gbẹ̀yìn. Tí mo bá kọ ọ́ bí ẹ̀gbọ́n mi ṣe kọ ọ́, wọn á máa wá yàrá kan tó ń jẹ́ Ìlú Gẹ̀ẹ́sì kiri ayé.

Èyí yé mi. Bí a bá pàdé àlejò ní Ìlódè, a kì í bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú yàrá rẹ̀. Ìlú wo, agboolé wo, ọmọ ta? Mo ní, “Bíi tiwa ni ti ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi nígbà náà.”

Ó ní, “Bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ ẹ̀ wá rí i pé kọ̀ǹpútà kì í ṣe alágídí?” Ó yí àwọn ọ̀rọ̀ náà padà níkọ̀ọ̀kan, ó fa ọfà sí abẹ́ wọn. Ìgbín náà, ó ní tẹ́lẹ́ẹ̀sì kò ní in, pé ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó túmọ̀ sí “níbi” ni kí n kọ dípò rẹ̀, kí n fi àmì àkámọ́ há a mọ́ àárín, wọn á mọ̀ ọ́n lọ́hùn-ún. Ó wá fi pẹ́ńsùlù ha Dókítà dànù, ó ha á títí tí bébà fi lu. “Tí ọwọ́ yín bá tún fẹ́ kọ nǹkan síwájú orúkọ yìí, ẹ jókòó lé ọwọ́ náà.”

Mo padà sí Òkè-Ogbó. Ọ̀gá mi kò tíì jáde, mo fi ìtìjú sí ẹ̀gbẹ́ kan, mo sọ fún un pé bàbá mi ń kú lọ. Ó ní kí ló ń dá mi dúró. Mo tẹ àdírẹ́sì náà láti inú yàrá lọ sí ìta bí obìnrin yẹn ṣe kọ ọ́ fún mi. Nígbà tí mo dé ibi orúkọ, mo dìde lórí àga. Mo wo ẹ̀yìn. Mo ní, “Ẹ má bínú, sà,” mo sì tẹ̀ ẹ́ lóòró bẹ́ẹ̀, ìka kan ṣoṣo, bí ẹni tó ń tọ́ iná wò. Ilẹ̀ kò lanu.

Kò sí ìdáhùn ní Ọjọ́bọ̀. Mo dúró títí ọ̀gá mi fi ní òun fẹ́ ti ilé-iṣẹ́. Kí ni mo lè ṣe? Èèyàn lè sáré tọ lẹ́tà lẹ́yìn dé ilé ìfìwéránṣẹ́, ó lè bẹ dírẹ́bà, ó lè bú akọ̀wé. Èyí tí mo fi ránṣẹ́ yìí, n kò mọ ibi tó gbà, n kò mọ ẹni tó gbé e, ọwọ́ mi méjèèjì wà nínú àpò mi, wọn ò níṣẹ́ kankan.

Nígbà tó di àárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀, kí n tó ti kọ́kọ́rọ́ bọ ilẹ̀kùn ni mo ti gbọ́ ọ nínú, tatata. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fa ilẹ̀kùn ya. Ilé-iṣẹ́ òkè òkun ni. Wọ́n ní a ti fi ìwé yín sínú àpótí ẹni tí ẹ kọ ọ́ sí, ẹni náà kò tíì ṣí i.

Ìyẹn nìkan. Ó délé, ilé kò gbọ́. Lẹ́yìn oṣù kan la tó mọ̀ pé ẹ̀gbọ́n mi ti bá àwọn olùkọ́ wọn rìnrìn-àjò lọ sí ìlú mìíràn, pé wọn ò débi àpótí náà fún ọjọ́ mọ́kànlá. Ní àárọ̀ yẹn, n kò mọ̀. Mo ya bébà náà kúrò lẹ́nu ẹ̀rọ, mo sì sá lọ sí ọsibítù.

Ìyá mi ṣì wà níbi ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, gèlè lọ́wọ́. Òórùn ti wà nínú yàrá báyìí. Dókítà ọjọ́sí wọlé lẹ́yìn mi, ó wo agogo ọwọ́ rẹ̀, ó wò mí, ó ní, “Mo wà lẹ́nu ọ̀nà, sà,” ó jáde.

Bàbá ní, “Ó ti wí?”

“Ó ti dé ọ̀dọ̀ wọn, sà. Ó wà nínú àpótí wọn.”

“Mo ní ó ti wí?”

“Wọn ò tíì ṣí àpótí, sà.”

“Ta ni yóò sọ fún un pé kó ṣí i?”

Mo jókòó sórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo sì sọ ọ́ gbogbo: ìgbín, ẹ̀kán, yàrá tó kọ́kọ́ jáde, Dókítà tí mo lẹ̀ mọ́ orúkọ. Mo ní ì bá ti débẹ̀ láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun bí kì í bá ṣe tèmi. Mo ní n kò lè pe orúkọ wọn lásán.

Bàbá gbọ́ ọ títí dé òpin. Èjìká wọn bẹ̀rẹ̀ sí í mì, mo rò pé ìrora ni. Ẹ̀rín ni. Wọ́n rín in títí tí ikọ́ fi gbà á lẹ́nu wọn, tí Ìyá mi fi ní kí wọ́n rọra.

“Nítorí okùn ọjọ́ kànga?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, sà.”

“Nà mí padà nígbà náà.” Wọ́n nu ojú wọn. “Kí lo kọ sínú ìwé náà gan-an?”

Mo ti mọ̀ ọ́n sórí. Mo ní, “Bàbá wà ní ọsibítù. Wọ́n fẹ́ gé ẹsẹ̀ wọn. Bàbá ní ẹnu yín làwọn fẹ́ gbọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tètè fèsì.”

“Ìwọ ńkọ́? Ibo ni tìrẹ wà níbẹ̀?”

“Kò sí tèmi, sà.”

“Ìwé méjì lo kọ. Kò sí nínú èkíní, kò sí nínú èkejì?”

“Kò sí, sà.”

Ìyá mi dá gèlè dúró. Mo gbójú sókè láti wo àjà bíi ti ọjọ́ Àtìní, ṣùgbọ́n láti ilẹ̀ tí mo jókòó sí, ẹsẹ̀ náà ló dí mi lójú. N kò rí nǹkan mìíràn.

Mo ní, “Mo fẹ́ kí wọ́n gé e, Bàbá. Mo fẹ́ kí ẹ wà láàyè. Bí ẹ bá bínú, ẹ bínú sí mi.”

Bàbá na ọwọ́, wọ́n fi ọwọ́ kan orúnkún ara wọn, wọ́n tẹ̀ ẹ́ lókè, wọ́n tẹ̀ ẹ́ nísàlẹ̀, bí wọ́n ṣe máa ń yẹ búlọ́ọ̀kù wò kí wọ́n tó mọ ibi tí àwọn ó ti là á.

Wọ́n ní, “Láti ọjọ́ Àtìní lo ti ní ọ̀rọ̀ yìí lẹ́nu, tí o ń gbé e kiri Ifẹ̀. Lọ pe dókítà wọlé.”